Ẹyin Yàrá Kẹta

Bí o bá fẹ́ kí inú Baba Páskáálì dùn, bi í léèrè ìgbà tí ètò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Ọdún mẹ́sàn-án ni, iye ọjọ́ rẹ̀ sì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin adìẹ, òun ló fi Páskáálì, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ti pa tì, kọ ètò tó ń ṣọ́ ooru yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ní kó kọ́ èdè mìíràn, á dá a lóhùn pé ìyàwó kan ti tó òun, èdè kan náà tó.

Ohun tó fi ń yangàn ni pé, bí àtúnṣe bá délẹ̀, kì í dá ètò náà dúró. Á kọ apá kékeré tó fẹ́ yí padà, á ní kí kọ̀ǹpútà yí i sí èdè ẹ̀rọ. Fáìlì kékeré yìí kò lè dá ṣiṣẹ́. Ètò ńlá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni yóò gbé e wọ mẹ́mórì, tí yóò fi orúkọ wá ibi tí yóò so ó mọ́, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ran bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù tí kò bọ́ lọ́rùn ni.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹgbàajì ẹyin inú yàrá kẹta sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá àgbà ní bí wọ́n bá pa dáadáa, yàrá náà di tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà sídìí fífọ àwo ẹyin. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pa. Òun ló bẹ bàbá rẹ̀ pé kó dín ooru yàrá òun kù sí mẹ́tàdínlógójì, nítorí ọmọ inú ẹyin tó ti gbó a máa mú ooru tirẹ̀ wá.

Baba kọ apá kékeré náà láàárọ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́, ó rí i pé nínú àpèjúwe yàrá tó wà nínú ètò, "ooru tó wà" ló ṣáájú, "ooru tí a fẹ́" ló tẹ̀lé e. Kò dára lójú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń to ṣíbí ilé rẹ̀ bó ṣe ga sí ni. Ó gbé èkejì síwájú. Ó gbàgbé pé ètò ńlá tó ti wà nínú mẹ́mórì láti ọdún mẹ́sàn-án ṣì ń tò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, àti pé ipò tí wọ́n wà ló fi ń mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó gbé apá náà wọlé, ohunkóhun kò sì dí i lọ́wọ́, nítorí orúkọ nìkan ni ètò ńlá ń bi ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kì í bi í bó ṣe to ẹrù rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sán, Àbíkẹ́yìn pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ibí ń gbóná. Tẹ̀mómítà ọwọ́ mi ti wà ní mọ́kàndínlógójì."

Baba wo ojú kọ̀ǹpútà. Mẹ́tàdínlógójì géérégé. Ó ní kó lọ wá tẹ̀mómítà mìíràn. Ọmọ ní òun ti lo méjì, ó sì béèrè bóyá kí òun fi súíìṣì ògiri pa iná ooru. Inú bí bàbá, nítorí súíìṣì yẹn á dá gbogbo ètò dúró.

"O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ó wí. "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lọ pààrọ̀ bátìrì tẹ̀mómítà rẹ."

Ó ní ó dáa, Bàbá mi.

Baba po tíì, ó mu ún tán. Ìgbà tó tún gbójú sókè, mẹ́tàdínlógójì náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò yẹ̀ síwá, kò yẹ̀ sẹ́yìn. Ooru tòótọ́ kì í dúró sójú kan. A máa lọ sókè díẹ̀, a máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń wò kì í ṣe ooru tó wà nínú yàrá, ooru tí wọ́n fẹ́ ni. Apá kékeré ti fi ọ̀kan pe èkejì. Bí yàrá bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rò pé ooru tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, tó ń fi iná kún iná.

Ó sáré, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa súíìṣì. Àbíkẹ́yìn ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yàrá kẹta, ó ń fi páálí fẹ́ àwọn ẹyin, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Tẹ̀mómítà ń sọ mẹ́tàlélógójì.

Nínú ẹgbàajì ẹyin, èyí tó pa kò pé igba.

Baba lọ bá ọ̀gá àgbà, ó ní òun lòun jẹ̀bi, òun lòun ní kí ọmọ má fọwọ́ kan súíìṣì. Ọ̀gá àgbà gbọ́ ọ dópin.

"Ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin," ó wí, "ti ẹyin ló yẹ kó gbọ́, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Àbíkẹ́yìn ṣe padà sídìí àwo. Baba tún ètò ńlá kọ, kó lè máa béèrè ìtòlẹ́sẹẹsẹ kó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé. Iye ọjọ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ìyẹn kò sì dùn ún tó bó ṣe rò. Ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn ló ń dùn ún. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní báyìí, bó bá ti gbé apá tuntun wọ mẹ́mórì, kì í wo ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Á rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń fọ àwo, á bẹ Àbíkẹ́yìn pé kó bá òun fi tẹ̀mómítà rẹ̀ wo yàrá. Ọmọ á nu ọwọ́ rẹ̀, á wọlé lọ, á sì jáde.

"Mẹ́tàdínlógójì, sà," yóò wí, yóò sì padà sídìí omi.

Kò pè é ní Bàbá mi mọ́ láti ọjọ́ náà.