Òrùlé Tó Wọ́

Iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí a jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Dádì, ẹ da gàrí lé e, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òrùlé." Ilé tí à ń kọ́ lẹ́yìn Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ní igi òrùlé, páànù ṣì wà nílẹ̀. Lọ́sàn-án, ó lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó. Ó dé, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìbọ́ bàtà. Ó ti kú kí a tó dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ibí ni kí ẹ sin mí sí o, kí n lè máa gbọ́ gbogbo irọ́ tí ẹ bá ń pa fún àlejò." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. Mi ò rò pé èmi ni n ó sin ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú. Ó bá mi kẹ́dùn, ó ní kí n mú òun dé ilé náà. Ó dúró ní pálọ̀, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Àna mi, ẹ má bínú. A ò ní sin ọmọ wa sínú ahoro. Ọ̀yọ́ la ó gbé e lọ, sílé bàbá rẹ̀."

Mo ní ibí ló ní ká sin òun sí.

"Mo gbọ́. Tí a bá dé lọ́jọ́ Ẹtì tí páànù ti bo ilé, ibí náà ni. Tí kò bá tíì bò ó, a ò ní jókòó."

Kápẹ́ńtà mi, ará ìjọ Aládùúrà kan, wá àwọn méjì kún ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé páànù gòkè, afẹ́fẹ́ fẹ́ já a gbà. Ọ̀kan kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Dì í mú! Páànù ni, kì í ṣe agbádá bàbá rẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rántí pé mo wà níbẹ̀, wọ́n yíjú sí iṣẹ́ wọn.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kápẹ́ńtà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Bàbá, páànù àkọ́kọ́ ò gún. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló ń wọ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u."

"Tí ẹ bá tú u, ṣé ẹ máa parí lọ́la?"

"Rárá, sà."

"Ẹ máa kàn án lọ."

"Yóò hàn láti títì o."

"Kó hàn."

Ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Mo mọ ohun tí mo gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń kan ìṣó lókè, àwọn mìíràn ń gbẹ́ sàréè nísàlẹ̀. Góńgó òrùlé ni wọ́n ń bò lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé òkú rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo etí òrùlé.

"Ó wọ́."

"Ó wọ́," ni mo dáhùn.

Ó ṣí fìlà. "Ó ti bo ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé."

A sin ín síbi tó fa ilà sí.

Mo kó wọ ilé náà lẹ́yìn tí èrò lọ tán. Òjò àkọ́kọ́ jò sórí ibùsùn mi. Ìkánjú ti mú kí wọ́n kan ìṣó mélòó kan sínú kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, dípò orí ibi tó yọ sókè. Mo pe kápẹ́ńtà; ó ní iṣẹ́ ti gbé òun lọ sí Ìrẹsà, kí n ní sùúrù. Òjò tún ṣú.

Mo yá àkàbà lọ́wọ́ aládùúgbò. Tí mo bá gun nǹkan tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi ló máa ń di ìsàlẹ̀ mú, tí á máa bú mi. Mo fi òkúta ti ẹsẹ̀ àkàbà, mo gùn ún. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí sàréè wà. Mo wá àwọn ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi gọ́ọ̀mù bò wọ́n, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yí ká.

Òjò náà dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó sórí ibùsùn títí ó fi dá. Kò jò.