Àwọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Funfun

Òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi bí mo bá rántí ọdún tí ọmọbìnrin mi gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ní Mowé. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọgbà mẹkáníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an sì ni ìyà rẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ tí n kì í lọ wò ó. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé mílíìkì alágolo máa ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́fun. N kò bi onítọ̀hún bóyá dókítà ni, mo ṣáà ń ra mílíìkì. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọgbà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, á pariwo: “Ìyá Mílíìkì ti dé o! Ẹ wá fún ọmọ lọ́mú!” Gbogbo ọgbà á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi á fọwọ́ bojú. Èmi á dúró tì í títí á fi mu ún tán.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún òun fúnra rẹ̀ ni ti bàbá kan láti Ifọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ wà níwájú. Òun ni bàbá náà fi gbé ìyàwó rẹ̀ wá sílé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti kùn ún ní funfun, ó sì ti dógùn-ún níbi púpọ̀. Ojú ìyá náà ń ṣú lọ, bàbá sì fẹ́ kó tún rí ọkọ̀ náà bó ṣe wà nígbà ọ̀dọ́ wọn, kí ojú náà tó ṣú tán.

“Kì í ṣe ọkọ̀ tó dára ni mo ní kí o ṣe fún mi,” ni bàbá wí fún ọmọ mi. “Ọkọ̀ wa ni mo ní kí o ṣe. Tí kò bá ti rí bíi tiwa, màá wọ́ ọ padà lọ sí Ifọ̀ ni.”

Mo mọ ohun tí ìyẹn lè fà. Bí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ náà jáde lọ́gbà, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ọkọ̀ fún ọmọbìnrin pé kó kùn ún. Àwọn kan ti ń wí tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ló lọ kọ́.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkọ̀ náà wò bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Fìtílà iwájú jẹ́ ojúlówó. Ìdérí táyà kan jẹ́ ayédèrú, ó sì wá èyí tó bá àwọn yòókù mu dé Ìbàfọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àmì tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ tẹ̀ sí igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn jọra, àfi ti ilẹ̀kùn awakọ̀. A ní bóyá gíláàsì yẹn fọ́ nígbà kan ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ní tèmi, bùréèkì nìkan ni mo bá wọn dá sí. Mo ní kí ohun gbogbo jẹ́ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n bùréèkì tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Ọ̀gá ní, “Ìyá Mílíìkì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́ ni?” Mo ní ẹni tó máa wọ̀ ọ́ náà, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Àwọ̀ ló wá kù. Bàbá ní búlúù ni, bí ojú ọ̀run. Ìyá ní rárá, àwọ̀ ewé ni, bí ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, dúdú àti funfun ni. Ọmọ mi wá fi sáńpépà ha ìdí ilẹ̀kùn awakọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ funfun, búlúù yọ. Lábẹ́ búlúù, kò tún sí àwọ̀ mìíràn, irin ni. Ó pe Ifọ̀ lórí fóònù, gbogbo wa sì ń gbọ́.

“Mo wí bẹ́ẹ̀!” ni bàbá ń pariwo. “Ìyá wọn, ẹ ò gbọ́? Búlúù ni!”

Ohùn ìyá wá láti ọ̀ọ́kán: “Ó dáa. Bóyá èmi ni mo gbàgbé. Àwọn ọmọ ṣáà ń sọ pé mo ti ń gbàgbé nǹkan.”

Ohùn yẹn kò kúrò létí mi. Àwọn oníbàárà mi máa ń gbé aṣọ tó ti ṣá wá, wọ́n á ní kí n bá àwọn wá irú rẹ̀ kún un. Bí mo bá wo ojú aṣọ nìkan, mo ti kùnà. Ìṣẹ́tí ni mo máa ń tú, níbi tí oòrùn kò dé, n kì í sì í tú ibì kan ṣoṣo. Mo lọ bá ọmọ mi. Ó ti fẹ́ máa po búlúù.

“Tú ìṣẹ́tí rẹ̀ wò fún mi ná.”

“Mọ́mì, ọkọ̀ kì í ṣe aṣọ o. Ọkọ̀ ní ìṣẹ́tí?”

Ọ̀gá, tó ń jẹun lábẹ́ igi, dá sí i: “Tú nǹkan kan fún wọn, kí wọ́n tó tún lọ ra mílíìkì wá.”

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ tú èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ọmọ mi fi ìbínú yọ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn kejì: àwọ̀ ewé. Ó tú ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù: àwọ̀ ewé. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò: àwọ̀ ewé, tó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ìbínú ti lọ lójú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn awakọ̀, ó wo gíláàsì rẹ̀ tó yàtọ̀.

“Mọ́mì,” ni ó wí, “ilẹ̀kùn yìí gan-an kì í ṣe tirẹ̀.”

A kò pe fóònù. A wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ síwájú ìyá, ó sọ ibi tó ti ha á.

“Ilẹ̀kùn awakọ̀ lẹ ha?” ni ìyá wí. “Ta ló ní kí ẹ ha ìyẹn? Màlúù ló ba tiwa jẹ́. Mo lóyún àkọ́bí wa, inú ọkọ̀ yẹn ni mo jókòó sí. Mẹkáníìkì bá wa yọ òmíràn wá lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, búlúù sì ni.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ ní ẹ ò lè máa wa ọkọ̀ aláwọ̀ méjì kiri, lẹ bá kun gbogbo rẹ̀ ní funfun. Àmọ́ kí owó ọ̀dà tó jọ, ilẹ̀kùn búlúù lẹ ń ṣí láràárọ̀. Òun ló jókòó sí yín lórí.”

Ẹnu bàbá là sílẹ̀. “Màlúù,” ni ó wí. “Màlúù!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá wọn, orí yín pé ju tèmi lọ.”

“Ẹ sọ ọ́ sókè,” ni ìyá wí, “kó lè dé etí àwọn ọmọ yín.”

Ọmọ mi béèrè bóyá kí òun wá ilẹ̀kùn ojúlówó lọ. Ìyá kọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn náà ti pẹ́ nílé, ó ti di ọmọ wọn, kí ó kùn ún ní àwọ̀ ewé bíi tàwọn yòókù. Ó kùn ún bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n lábẹ́ rọ́bà, níbi tí kò hàn síta, ó fi búlúù tó tó èékánná sílẹ̀, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn wa má bàa ṣìnà.

Oòrùn ti là nígbà tí a gbé e dé Ifọ̀. Ìyá sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

“Òun nìyí,” ni ó wí.

Ó fọwọ́ wá ọ̀nà títí ó fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó wọlé jókòó, ó sì ní kí bàbá máa gbé òun lọ. Kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ọkọ̀ ti ń yí jáde, mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń ké sí bàbá pé bùréèkì rẹ̀ tuntun ni o, kí ó rọra tẹ̀ ẹ́.

Mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí eré yẹn. Lónìí ọmọ mi ti ní ọgbà tirẹ̀ ní Mágbòrò, àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ sì ń wá a wá láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà náà, mo rò pé bí mo bá gbójú kúrò lára rẹ̀, nǹkan á ṣe é. N kò mọ̀ pé òun náà ń wò mí, ó sì ń mú ohun tó wúlò níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo yà kí i. Ó dorí kodò sínú ọkọ̀ kan, ó ti tú gbogbo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wá.

“Ìṣẹ́tí rẹ̀ ni, Mọ́mì.” Kò gbójú sókè.

Mo gbé mílíìkì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì yí padà sílé. N kò dúró kó mu ún tán.