Bébà Fàdákà Inú Àpótí Fíùsì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọwọ́ mi tín-ín-rín débi pé ó lè wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò bàbá mi, èmi ni mo máa ń bá a yọ fíùsì tó bá ti jó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo rí yín bí ẹ ṣe ń wo ara yín lójú pé Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tí o ra mọ́tò tòkunbọ̀ yẹn, tí o ní kí n wá jókòó sẹ́yìn kí o gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. O ní fíùsì kan ló máa ń jó níbẹ̀, pé rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ti fi wáyà so ó pọ̀, kò jó mọ́. O tún ń fi rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí o ti sọ ọ́ ni mo ti kọ̀ láti wọ inú ọkọ̀ náà.

Surulere níbí náà là ń gbé nígbà yẹn. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé. Ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kan tó fẹ̀yìn tì ló ti ra mọ́tò náà, mọ́tò ọ̀hún sì ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, bàbá mi a máa nù ún láràárọ̀, a sì máa gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbàdúrà kí a tó jáde. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tó rí tí kì í fọwọ́ kàn. Ẹ̀rù ń ba bàbá mi pé yóò ṣílẹ̀kùn lórí eré, ló bá tú ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nínú ọkọ̀, ó tú èyí tí a fi ń yí gíláàsì sọ̀kalẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí a bá dé ibi tí à ń lọ, òun ni yóò bọ́ sílẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún wa láti ìta. Àwọn aládùúgbò yìn ín pé ó gbọ́n. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Iná inú mọ́tò náà ni wàhálà rẹ̀. Họ́ọ̀nù tó dún lónìí kò ní í dún lọ́la. Rewáyà kan wà ní òpin àdúgbò wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fi tẹ́sítà, irin tó fi ń yẹ iná wò, há etí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà kan ti bó níbì kan, ó ń kan irin. Ẹ fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ méjì kí n wá a kàn. Fíùsì tó ń jó yẹn, òun ló ń gé iná kí wáyà má baà gbiná, òun ló ń gbà yín sílẹ̀."

Bàbá mi ní kò sáyè. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìyá ìyá mi sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé wá bá wa wẹ ọmọ. Ó ní bí Màmá bá ti dé, òun á gbé ọkọ̀ wá. Kó tó di ìgbà náà, ó ń lo ọgbọ́n tí gbogbo onímọ́tò ń lò. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni wọ́n máa ń wé mọ́ fíùsì tó ti jó, iná á sì dé. Bàbá mi kì í mu sìgá, kò tilẹ̀ fẹ́ kí òórùn rẹ̀ wọlé wa. Èmi ló máa ń rán sí ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú, pé kí n lọ gba bébà náà wá. Ìka méjì péré ni bàbá mi fi máa ń gbà á lọ́wọ́ mi. Á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o wé e o, kó lè rí ojú jó bí nǹkan bá ṣe." Mo gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo gbọ́ ohun tó wí.

Àmọ́ ní ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú Sátidé yẹn, họ́ọ̀nù wa kọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní mọ́tò wa ti yadi. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, tí bàbá mi ní kí n pààrọ̀ bébà kí òun lọ wọṣọ, mo ká bébà náà po lọ́nà mẹ́rin, mo wé e pinpin, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì kì í bọ àyè rẹ̀. Mo ní kò ní í jó mọ́ láé. Inú mi dùn gan-an ni.

À ń lọ gbé ìyá ìyá mi ní ibùdó ọkọ̀ nígbà tí òjò ká wa mọ́ Yaba. Bàbá mi tan iná iwájú, ó tan ohun tí ń nu gíláàsì, gbogbo fèrèsé sì wà ní títì. Èmi àti àbúrò mi la wà lẹ́yìn. A kù díẹ̀ ká dé Ọ̀yìngbò nígbà tí mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Kí n tó la ẹnu, họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi gbá a, ó lù ú, ó ń ké lọ ràì. Èéfín wá ń yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí mo ti bọwọ́ láàárọ̀ gẹ́lẹ́.

Bàbá mi dá ọkọ̀ dúró, ó fò sílẹ̀, ó sáré lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè já orí bátìrì. Ẹ wò ó, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbé sókè ló dí i lójú, họ́ọ̀nù ló dí i létí. Kò rí wa, kò gbọ́ wa. Mo ń lu gíláàsì, mo ń pariwo "Bàbá! Bàbá!" títí ohùn mi fi há. Mo wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, orí irin kékeré nìkan ni mo bá níbẹ̀, mo fi ìka yí i títí ó fi bó mi lára. Mo fẹ́ gba iwájú, iná ti yọ níbẹ̀. Àbúrò mi ń wúkọ́, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó yá, kò wúkọ́ mọ́. Ha! Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, mo ti darúgbó, kò tíì tán lára mi.

Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke lọ nínú òjò ló rí ọwọ́ mi lára gíláàsì. Ó fi ọmọlanke sílẹ̀ láàárín títì, ó wá ṣílẹ̀kùn. Ìka méjì ló fi ṣí i. A kò tilẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn náà. Ó fà mí jáde, ó da àbúrò mi dojú dé orí orúnkún rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn. Ọmọ náà rọ jọwọrọ. Àwọn èèyàn ti ń bu yanrìn sí ọkọ̀. Ìgbà náà ni bàbá mi yí wá, tó rí ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sínú omi ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ọkùnrin náà kò dáwọ́ dúró. Ó gbá a, ó gbá a, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. N kò tíì gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n wọ́ mọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ rewáyà. Inú bí bàbá mi, ó ń pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ pa ọmọ òun. Rewáyà bẹ̀rẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Ó bọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yọ fíùsì náà. Gbogbo wáyà ló ti yọ́, bébà tèmi ṣì ń dán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wé e báyìí?"

Bàbá mi gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ojú eyín lára rẹ̀. Ó wá wò mí. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn mi, ìtọ̀ ti ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi. Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó ní, "Èmi ni." Ó bẹ rewáyà níwájú gbogbo àwọn tó ti gbọ́ èébú. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sílé. Kò béèrè lọ́wọ́ mi títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Fíùsì wà káàkiri lónìí, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, mọ́tò tòní sì ń tan iná pupa láti kìlọ̀ fún èèyàn. Ẹ̀yin ń bi fóònù ní gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n wáyà tí o fi so fíùsì rẹ yẹn, bébà mi náà ni. Ẹ máa ń bú sẹ́rìn-ín pé bí mo bá wọ mọ́tò, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ ń wá kí n tó kí ẹni tó ń wà á. Ó dáa, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn wá, fi lé mi lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ tí rewáyà bá tú wáyà yẹn, tó sì rí ibi tí wáyà ti bó, kí n tó dá a padà fún ọ.

Ìwọ àbúrò mi tí a jọ wà nínú mọ́tò yẹn, tí o jókòó síbẹ̀ tí o ń mu tíì, ìwọ náà ti di bàbá àgbà. Títí di òní o gbà pé Bàbá ló wé bébà yẹn, torí ohun tó sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Kì í ṣe Bàbá. Èmi ni.