Ìyá Jẹ́nì Lórí Òkun

Orúkọ ọmọ òyìnbó ni gbogbo àdúgbò fi ń pe Àdìjátù ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Jẹ́nì ni àwọn ahunṣọ tó wà níwájú ilé rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni lèmọ́mù ń pè é. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1971 kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Okaka ni wọ́n bí i sí, nínú ilé àgbẹ̀ oníṣu. Bàṣírù, ahunṣọ ará Ìsẹ́yìn, ló fẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ó bí ọmọ méjì fún Bàṣírù, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ibà kan jà nílùú lọ́dún kan, ó mú àwọn méjèèjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, oyún kò dúró sí i lára mọ́. Nígbà tí Bàṣírù fẹ́ ìyàwó mìíràn, Àdìjátù kò bá a jà. Ó kàn ní òun fẹ́ iṣẹ́ tí yóò máa gbé òun jáde láràárọ̀, nítorí àárọ̀ ni ilé máa ń dákẹ́ jù létí òun.

Bó ṣe dé ilé òyìnbó kan nìyẹn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tábà. Aṣọ fífọ̀ ni wọ́n gbà á fún. Ìyàwó òyìnbó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ara rẹ̀ kò sì tíì le. Ní ọjọ́ kẹta tí Àdìjátù débẹ̀, ọmọ náà ń ké, ó ń ké, kò dákẹ́. Àdìjátù fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wọlé, ó sì gbé ọmọ náà pọ̀n. Kò pẹ́ tó fi sùn. Kò sí ẹni tó dárúkọ aṣọ fífọ̀ fún un mọ́.

Jẹ́nì ni wọ́n sọ ọmọ náà, ọdún mẹ́rin ló sì fi gun ẹ̀yìn rẹ̀. Yorùbá ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ náà kí gẹ̀ẹ́sì tó dé. Àdì ló ń pe Àdìjátù. Bí ó bá ṣubú, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ló ṣubú sí, ó máa dìde kọjá lára ìyá náà ni, kó wá Àdì lọ sí ilé ìdáná.

Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ pe òyìnbó náà padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa wọ̀ láti Èkó. Òkun máa ń kọ lu ìyàwó rẹ̀, èébì ni yóò máa bì títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Nítorí náà wọ́n bẹ Àdìjátù kó bá wọn lọ, kó máa tọ́jú ọmọ lórí omi, kí ọkọ̀ kan náà sì gbé e padà wá.

Bàṣírù fọwọ́ sí i, àmọ́ ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń di ẹrù.

"Bí wọ́n bá dá ọ dúró síbẹ̀ ńkọ́?"

Àdìjátù kò gbójú sókè. Ó ní, "Bí wọ́n bá ní kí n dúró, màá dúró."

Ọkọ̀ náà funfun, ó ga bí ilé alájà mẹ́rin. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀, ilé ijó wà nínú rẹ̀, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ń gbé nǹkan jíjẹ síta lójúmọ́. Àwọn òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí kò síbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n wọ̀ ọ́ láti ilé wá sí Èkó, wọ́n sì tún ń bá a padà, afẹ́ lásán ni wọ́n ń ṣe. Yàrá kékeré oníbẹ́ẹ̀dì méjì ni wọ́n fún Àdìjátù àti Jẹ́nì. Àwọn òbí ọmọ náà wà lókè.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Àdìjátù kò jẹun. Ó máa ń jókòó ti Jẹ́nì nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ àwọn ọmọdé wá, yóò fi ṣíbí bọ́ ọ tán, yóò ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó kíyè sí i ni ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wọn, ẹni bí àádọ́ta ọdún, tẹ́ẹ́rẹ́, tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ṣẹ́rífù ni orúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì adàmọ̀dì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí Àdìjátù ti kọ́ díẹ̀ nílé òyìnbó.

"Ìyá, ṣé oúnjẹ yìí kò bá yín lára mu ni?"

"N kò mọ ẹran tó wà nínú rẹ̀."

"Àbí mùsùlùmí ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi náà ni," ni Ṣẹ́rífù wí, ó sì gbé àwo náà lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà dé. Ìrẹsì àti ẹja ló gbé wá, ó fi àwo mìíràn dé e lórí kó má tutù. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Jẹun."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Àdìjátù wò ó lójú.

"Níbo lẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn?"

Ó ní nílé ìyá òun ní Fìrítaùn ni, ní ilẹ̀ Sàró. Ó ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn lẹ́rú, ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tó sì já wọn sí Fìrítaùn. Ẹ̀sìn kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Èdè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ka gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ òun fún un: jẹun, omi, pẹ̀lẹ́, ẹ kúulé. Àdìjátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Èkó, ó sì jẹ ìrẹsì náà tán.

Ọjọ́ kejì, Ṣẹ́rífù bá a tó ń tẹ́ aṣọ ìkírun, tó ń wò yíká bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Àdìjátù ní ọkọ̀ ń yí, òun kò mọ ibi tí gábàsì tí òun yóò kọjú sí wà mọ́. Ṣẹ́rífù jáde. Nígbà tó dé, ó mú aṣọ funfun kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń nu ẹnu nídìí oúnjẹ, ó ká a títí ó fi ní ṣóńṣó, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ni kí ẹ kọjú sí. Mo béèrè lọ́wọ́ òyìnbó tó ń tu ọkọ̀."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń wá yí aṣọ náà. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ni yóò kọjú sí. Lọ́jọ́ kejì, fèrèsé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yòókù náà gbọ́ nípa obìnrin Ìsẹ́yìn. Alásè ọkọ̀, òyìnbó oníkùn ńlá, sọ̀ kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀ láti wo ẹni tó ń béèrè ata, ó sì fi ata gígún sínú ìgò kékeré kan fún un. Obìnrin tó ń lọ aṣọ gba ìró rẹ̀ lọ láìbéèrè, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi gún régé, ó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa gúnlẹ̀ ní Lífápúù, ní ìlú òyìnbó, Àdìjátù gòkè lọ bá ìyá Jẹ́nì. Ó ní òun kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kàn jẹ́ kí òun dúró tì wọ́n. Obìnrin náà kọ́kọ́ sunkún kó tó dáhùn. Ó ní ilé tí àwọn ń lọ kéré, òfin ìlú kò sì gbà á. Àdìjátù sọ̀ kalẹ̀ padà, ó tú ẹrù rẹ̀ tó ti dì.

Òjò ń rọ̀ wínníwínní lọ́jọ́ kejì, òtútù mú. Bàbá Jẹ́nì gbé e léjìká sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún, ó rò pé Àdì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n dé ilẹ̀ ló wẹ̀yìn tó rí i pé Àdì ṣì dúró lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọkọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Àdì, wá gbé mi pọ̀n."

Bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì sí i létí. Kò gbọ́ Yorùbá tí ọmọ náà sọ. Nínú gbogbo èrò tó wà ní èbúté yẹn, Àdìjátù nìkan ló gbọ́ ọ. Ó sì dúró síbẹ̀ títí mọ́tò fi gbé wọn lọ.

Nígbà tó padà sí yàrá, Ṣẹ́rífù dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì lápá rẹ̀.

"Ìyá Jẹ́nì," ni ó wí. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé kí n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà kúrò, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Àdìjátù ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Ọkọ̀ gbéra padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àràárọ̀ ni Ṣẹ́rífù ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Ó ń pààrọ̀ aṣọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé, ó ń tẹ́ ẹ kó dán, ó ń gbé ìrọ̀rí rẹ̀ nàró bó ṣe ń ṣe nígbà tí Jẹ́nì wà níbẹ̀. Àdìjátù kò dúpẹ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá lanu, ẹkún ni yóò jáde.

Ó tún ti kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, Ṣẹ́rífù lọ bá òyìnbó tó ń fi wáyà ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀, ó ṣàlàyé fún un. Òyìnbó náà béèrè orúkọ bàbá ọmọ náà àti ibi tí ó ń gbé, ó sì fi wáyà ránṣẹ́ láìsọ fún ẹnì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ṣẹ́rífù kan ilẹ̀kùn, ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní, 'Ara Jẹ́nì le. Ó ń jẹun. Ó ń béèrè Àdì.'"

"Ẹ tún ìparí rẹ̀ kà."

Ó tún un kà. Obìnrin náà ní kó tún un kà sí i, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni Àdìjátù ní kó gbé oúnjẹ wá.

Bí ọkọ̀ ṣe dé Fìrítaùn, ìsinmi Ṣẹ́rífù bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà yóò dúró títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti mú Àdìjátù lọ sílé kí ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó ni, Àpọ́nlé ni orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ló wà níwájú òun, ó gbá a lọ́wọ́ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Ó ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀," ni Ṣẹ́rífù wí.

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà ló ti gbọ́ Yorùbá gbẹ̀yìn. Ó ní òun kò ní gbọ́ ọ yé, ohùn rẹ̀ lásán ni òun fẹ́ gbọ́."

Àdìjátù kọ́kọ́ kí i, ó tún kí i. Nígbà tí kíkí tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ ní Okaka fún un: ibi tí wọ́n ti ń ya kúrò lójú ọ̀nà pupa, igi èmí tí wọ́n máa ń ṣa èso abẹ́ rẹ̀ jẹ, ebè iṣu tó tẹ́ lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, ariwo tí ewé ọkà bàbà máa ń pa bí ọyẹ́ bá dé. Ó sọ ọ́ dé ilé Bàṣírù. Kó tó mọ̀, ó ti dé orí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó dárúkọ wọn, Ràsáàkì àti Fàtímọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí orúkọ wọn ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò gbé ohùn sókè, kò sì sunkún.

Ìyá arúgbó náà fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́," ni ó wí.

Fèrè ọkọ̀ ló gbé wọn dìde. Ṣẹ́rífù sìn ín padà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì fi í lé ọkùnrin tó gbapò rẹ̀ lọ́wọ́. Kìrìsìtẹ́nì ni ọkùnrin náà, kò mọ nǹkan kan nípa ìrun. Síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ funfun náà wà nílẹ̀ yàrá, ó kọjú síbi tó yẹ. Bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ni òun náà sì tẹ́, títí wọ́n fi dé Èkó.

Nígbà tí Àdìjátù padà dé Ìsẹ́yìn tí àwọn èèyàn bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún, ó ní Ìyá Jẹ́nì ni. Wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àrínọlá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, ló ń bá a kọ lẹ́tà. Ó ń kọ sí Fìrítaùn, ó ń kọ sí ìlú òyìnbó. Ìyá Jẹ́nì gidi fèsì lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́, nínú aṣọ ilé ìwé. Lẹ́tà kẹta tí Àrínọlá kọ padà wá bó ṣe lọ, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn onílé náà ti kó lọ. Lẹ́tà Ṣẹ́rífù ni kò dáwọ́ dúró. Nínú ọ̀kan ló ti sọ pé ìyá òun ti kú, ó sì sọ̀rọ̀ àlejò láti Okaka títí tó fi kú.

Ní ọdún 1976, Àdìjátù ní kí Àrínọlá mú òun lọ sí Àpápá. Ó fẹ́ rí ọkọ̀ náà nìkan. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi sùúrù dá wọn lóhùn.

"Màmá, ọkọ̀ tó ń kó èrò kò wá mọ́. Ọkọ̀ ẹrù ló kù. Bàálù ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ báyìí."

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà kò mọ̀. Àdìjátù dúró díẹ̀ sí i, ó ń wo ibi tí omi hàn láàárín àwọn ilé ẹrù. Wọ́n wọ mọ́tò padà sílé. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìbàdàn, ó ní, "Bó bá ṣe pé mo mọ̀ pé kò ní wá mọ́, ǹ bá ti kí wọn dáadáa."

Ó kú ní ọdún 1986, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sin ín ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà gan-an. Àrínọlá kọ̀wé sí Fìrítaùn, èsì sì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Ṣẹ́rífù ti darúgbó. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ará mọ́sáláṣí àwọn dìde, wọ́n kírun òkú fún un láti ọ̀nà jíjìn, àti àwọn tó mọ̀ ọ́n àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Àrínọlá fèsì, ó dúpẹ́. Àmọ́ kò mọ ibi tí òun lè kọ̀wé sí kí Jẹ́nì náà lè gbọ́.