Omi Ògì Tí Mo Dà Nù

Mo mọ orúkọ gbogbo ará ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n n kò ní í dárúkọ ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ, télọ̀ tó ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ.

Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ògì ni mò ń sẹ́ tà. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á bu omi ògì kíkan kọ́ọ̀pù kan, á mu ún tán. Bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Tó bá sì ti forí lé ìrọ̀rí, ó ti sùn nìyẹn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá jó, àwa la ó gbé e jáde.

Ìgbẹ́ gbuuru wá mú àdúgbò. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní omi tí a kò sè kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni nílé mi mọ́. Mo da omi ògì sí gọ́tà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kiri oògùn. Bí inú ọkọ mi bá kùn, mo fún un ní méjì. Bí kò bá kùn, mo fún un ní ẹyọ kan, kó má baà kùn.

Kò pẹ́ tí oorun fi dá lójú rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a, ó gbé orí lé máṣíìnì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, fún mi lómi ògì mi."

"Ṣé ẹ fẹ́ kú ni, Bàbá Ìbejì?"

"Ẹni tí kò rí oorun sùn, ṣé ó ṣì wà láàyè ni?"

Ìyá ọkọ mi náà dá sí i. "Ìyàwó mi, inú ló ń kọ́kọ́ sùn kí ojú tó sùn. Ìwọ ni o ò jẹ́ kí inú ọmọ mi sinmi."

Mo ní ayé ti lajú, Màámi, ẹ ò lè mọ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà o, òun ni mo fi ń ṣe fọ́ńté.

Ó rù. Ó ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pọ̀ mọ́ra, àwọn oníbàárà lọ. Ọjọ́ tó kú, gbogbo ilé ń sunkún, èmi ń wo ojú rẹ̀ tó padé.

Láìpẹ́ yìí ni dókítà kan sọ lórí rédíò pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìfun wa tí wọn kì í ṣe ọ̀tá, pé irú wọn wà nínú omi ògì kíkan, pé ó jọ pé wọ́n lọ́wọ́ nínú oorun wa, pé oògùn àmujù a máa pa wọ́n. Mo pa rédíò. Bóyá ohun tó ṣe é kọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Mo ti tún ń rẹ àgbàdo. Láràárọ̀, mo ń bu omi rẹ̀ sí kọ́ọ̀pù ọkọ mi, mo ń gbé e sórí máṣíìnì rẹ̀ tó ti wà nílé báyìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo dà á sí gọ́tà kan náà.