Sídíì Kan, Orúkọ Méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọmọ mi tó mú mi gbé oúnjẹ tì. Mo bi í bóyá ká lọ ra sídíì géèmù tó fẹ́ ní Òṣòdì, àbí ká dáńlóòdù ẹ̀. "Dáàdì, ẹ jẹ́ ká dáńlóòdù ẹ̀," ló wí. "Tó bá ti wà nínú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa wá yá a lọ́wọ́ mi." Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí Múyìwá ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá ní Ìsọlọ̀, ohun tá a ń fọwọ́ mú ni géèmù. Ó ń dán, ó sì ń họ. Bó bá họ, àwòrán á dúró gbagidi, bọ́ọ̀lù á há sófuurufú. Oògùn tá a mọ̀ ni ọṣẹ ìfọyín: a ó fi òwú pa á sára sídíì, a ó nù ún, a ó máa gbàdúrà. Gbogbo pálọ̀ wa á máa ta sánsán bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọyín.

Múyìwá ni ọ̀rẹ́ mi. Tísà ni ìyá rẹ̀, ará Èkìtì, àdúgbò Ailegun nítòsí wa ni wọ́n ń gbé. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá a fínra, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n mi nínú géèmù, á ní kí n lọ gbé ìkòkò kaná, pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àwa méjèèjì ní ẹ̀rọ géèmù, àmọ́ sídíì bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la jọ rà. A kọ orúkọ wa méjèèjì sí i: ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, la máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Sọ́ńdè tí mò ń wí yìí, Múyìwá ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ ò yá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tómi, ló rán wá sílé wa. "Brọ̀dá mi ní kí ẹ fún mi ní sídíì, ó ti kan àwọn." Bẹ́ẹ̀ ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré kí n gba ife nínú géèmù náà. Ojúkòkòrò mú mi. "Sọ fún un pé ó ti họ," ni mo wí, "kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Kò pẹ́ tí Tómi fi padà dé, ó mú ọṣẹ ìfọyín ilé wọn dání, èyí tí wọ́n ti fún títí tó fi pẹlẹbẹ. Ó ní Múyìwá ní kí n rọra fi pa á, láti àárín wá sí etí, kí n má fi ìkanra nù ún. Ojú tì mí, àmọ́ kò tì mí débi tí mo fi máa gbé sídíì náà sílẹ̀. Mo gba ọṣẹ. Ọmọ burúkú ni mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo gba ife lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bí mo ṣe ti iléèwé dé, mo sáré mú sídíì lọ sí Ailegun, inú mi ń dùn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kún ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n káwọ́ lérí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Múyìwá lọ sọ́sibítù, ibẹ̀ ló kú sí. Ìyá rẹ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "O ti tún un ṣe?" ni wọ́n béèrè. "Ó retí ẹ títí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń bá òun tún un ṣe. O ṣé, ọmọ mi." Wọ́n gbà á, wọ́n fi ìborùn wọn nù ún. Mo kí wọn, mo sì gba ilé lọ.

Sídíì ti fẹ́ẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Géèmù ò họ mọ́, kò sẹ́ni tó ń rán àbúrò rẹ̀ wá gbà á. Bí ọmọ mi bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé tòun ò ṣeé yá, òótọ́ ló sọ, mo sì ń jowú rẹ̀ fún ìyẹn. Síbẹ̀, sídíì ni mo rà fún un. Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ìyá Múyìwá ṣì ń gbé ní Ailegun, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Kérésìmesì tó kọjá, mo gbé ìrẹsì lọ kí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní bí mo ṣe dúró ti ọmọ àwọn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á dúró ti àwọn ọmọ tèmi. Mo ṣe àmín.