Má Tẹ̀lé Ọ̀pá Mi

Òórùn òrí tí wọ́n ń sè lórí iná ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé ilé bàbá yẹn, ní Ṣakí, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe tíṣà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe òrí tà. Bàbá fúnra rẹ̀ ti ṣe ṣójà rí, òun ló ń lu ìlù ńlá tí àwọn ṣójà fi ń yan, kí ìbọn tó bà á lẹ́sẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Èmi ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń wá kọ́ ìlù lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni aráàdúgbò wá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi ló kó bá mi. Wọ́n gbé tíṣà tó ń lu ìlù iléèwé wa lọ sí ìlú mìíràn, èmi aláṣejù sì ní mo lè lù ú. Lọ́jọ́ tá a dán an wò, ọwọ́ mi yára, àwọn ọmọ ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọ́n kọlu ara wọn. Ọmọbìnrin kékeré tó wà níwájú ṣubú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, eyín rẹ̀ kan yọ. Ojú tì mí débi pé mo ṣèlérí fún un pé kò ní ṣubú mọ́. Ọ̀gá àgbà ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àyájọ́ àwọn ọmọdé, kíláàsì mi ò ní yan mọ́ láé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àpò àgbàdo ni bàbá ní kí n máa lù. Ìgbà tó wá gbé ìlù fún mi gan-an ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ń lù ú, gbì, gbì, gbì, òun á máa fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lódìkódì, á máa pariwo, á máa bú mi.

"Má tẹ̀lé ọ̀pá mi! Ẹsẹ̀ ọmọ lò ń lù, kì í ṣe awọ. Ta ló ń lé ẹ?"

Mo sunkún lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ ń dà mí láàmú jù."

"Èrò ọjọ́ náà á dà ẹ́ láàmú jù mí lọ."

Mo kórìíra ọ̀pá yẹn, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀ mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò mí. Ojú rẹ̀ le. "Kí ni arọ ń wá níbi tí wọ́n ti ń yan? Látìgbà tí mo ti togun dé, mi ò débẹ̀ rí."

Ọjọ́ pé, pápá kún. Ọmọbìnrin tí eyín rẹ̀ yọ fà mí láṣọ: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára o." A bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi ìgbà tá a dé iwájú àwọn ọlọ́lá. Wọ́n rí i pé obìnrin ló ń lùlù. Yéè! Ariwo sọ, àtẹ́wọ́ ń rọ́ wàwàwà, ni ọwọ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀lé e. Mo rí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń wá ilẹ̀ tì. Mo ní, mo gbé o, ó tún ti ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ kọ, kọ̀kọ̀, kọ. Bàbá ni! Ó fara ti igi máńgòrò, ó ń fi ọ̀pá na garawa òfìfo, lódìkódì bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó sì ń bú mi níṣojú gbogbo ayé. Inú kọ́kọ́ bí mi. Àmọ́ ọwọ́ mi tó ti fi oṣù méjì kọ̀ láti tẹ̀lé ọ̀pá yẹn tún kọ̀. Ó rọlẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì. Àwọn ọmọ rí ẹsẹ̀ wọn mú, ọmọbìnrin náà sì kọjá láìkọsẹ̀.

Nígbà tí mo máa fi wá bàbá lọ, ó ti lọ. Bàbá ti kú tipẹ́. Títí dòní, tí èrò bá ń pàtẹ́wọ́ fún mi pé kí n ṣe kíá, ẹsẹ̀ ẹni tó kéré jù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ilé rẹ̀ sí pápá yẹn jìnnà fún ẹni tí ẹsẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá, ká má tiẹ̀ wá sọ tirẹ̀. Ó rìn ín.